Àgádágodo Lẹ́nu Kànga

Kí Sàúdátù tó rí ojú ènìyàn kankan láàárọ̀ ọjọ́ náà, àgádágodo ló kọ́kọ́ rí. Ó gbé korobá dé ẹnu kànga ẹ̀yìnkùlé, oorun ṣì wà lójú rẹ̀. Ó fa ìdérí pákó, ìdérí ò mì. Ó tún un fà. Ìgbà tó fi etí ìró nu ojú dáadáa ló wá rí i: àgádágodo tuntun, ó ń dán bí eyín wúrà ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti Mẹ́kà dé.

Lẹ́gbẹ̀ẹ́ kànga ni wọ́n gbé ike ọ̀dà àtijọ́ kan sí. Omi kún inú rẹ̀. Wọ́n so àkísà pupa mọ́ ọwọ́ rẹ̀. Ẹnikẹ́ni ò kọ nǹkan kan sí i lára, ṣùgbọ́n ta ni kò mọ èdè àkísà pupa?

Sàúdátù jẹ́ ẹnì kan tó máa ń dúpẹ́. Bí òjò bá pa á, á dúpẹ́ pé kì í ṣe yìnyín. Bí yìnyín bá pa á, á dúpẹ́ pé kì í ṣe òkúta. Ó wo ike, ó wo àgádágodo.

"Alihamdulilahi," ó ní. "Wọ́n tiẹ̀ bá wa pọn omi sílẹ̀."

Ó gbé ike náà. Omi dà sí i lẹ́sẹ̀. Ìdí ike ti là.

"Èmi kọ́ o!" Ohùn kan jáde láti ojú fèrèsé. Ìyá Ọláyíwọlá ni, obìnrin tí yàrá rẹ̀ kọjú sí ẹ̀yìnkùlé, tí ojú rẹ̀ kì í sì í kúrò ní fèrèsé àfi bó bá ń sùn. "Ìyá Fàúsátù, ẹ káàárọ̀ o. Ẹ ò tíì bi mí, ṣùgbọ́n èmi kọ́."

"Ẹ káàárọ̀, Ìyá Ọláyíwọlá. Ta wá ni?"

"Ṣé mo mọ̀ ni? Alájì ló tì í. Èmi kàn bá wọn wá àkísà ni. Ìró mi tó gbó ni mo ya. Ṣùgbọ́n èmi kọ́ jàre."

Sàúdátù ò tíì rí ọ̀rọ̀ fọ̀ tí Alájì Jàfárù, onílé, fi yọ láti ẹ̀gbẹ́ ògiri, búùtà àlùwàlá lọ́wọ́ rẹ̀, bí ẹni tó ti ń dúró níbẹ̀ tipẹ́. Kò wo ojú obìnrin náà. Orí páànù ló ń wò.

"Ìyá Fàúsátù, ọ̀rọ̀ yìí ò dùn mọ́ èmi náà. Ṣùgbọ́n yàrá mẹ́wàá ló wà nílé yìí. Àwọn ayálégbé ti wá bá mi, wọ́n ní bí adẹ́tẹ̀ ò bá lọ, àwọn á lọ."

"Adẹ́tẹ̀ kẹ̀? Alájì, ta ló kan ìdérí kànga tí ẹ tì yìí? Ṣé kì í ṣe ọkọ mi ló kàn án fún yín lọ́fẹ̀ẹ́ nígbà tí ewúrẹ́ já sínú kànga?"

Alájì gbé búùtà sí ọwọ́ kejì. "Èmi ò pè é bẹ́ẹ̀. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ló ń pe ara rẹ̀. Kí ìrun Alásárì tó pé lónìí, ẹ mú ìwé dókítà wá pé kì í ṣe ẹ̀tẹ̀. Bí kò bá sí ìwé, ẹ bá mi kó ẹrù yín. Mi ò ní gba owó ilé oṣù yìí. Ẹ fi wá ọkọ̀."

"A dúpẹ́, Alájì," Sàúdátù ní. Ẹnu rẹ̀ ló sọ ọ́, kì í ṣe inú rẹ̀.

Ìyá Ọláyíwọlá pa fèrèsé dé. Ó tún rọra ṣí i díẹ̀.

Nínú yàrá, Sàkàrìyáù ọkọ rẹ̀ na ẹsẹ̀ ọ̀tún sórí àpótí, ó fi aṣọ bò ó bí ẹní bo oúnjẹ àlejò. Oníṣòwò pákó ni. Ìsọ̀ rẹ̀ wà lójú ọ̀nà Ìkòtún, àwọn káfíńtà láti Ìdímù dé Ìgándò sì máa ń sọ pé kò sẹ́ni tó mọ pákó tó o. Kì í fojú wo pákó. Á bọ́ bàtà, á fi àtẹ́lẹsẹ̀ lásán rìn lórí rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, á ní, "Eléyìí ti rọ̀ nínú," tàbí, "Eléyìí á pẹ́ ju ẹni tó rà á lọ." Pákó kì í parọ́ fún àtẹ́lẹsẹ̀, ohun tó máa ń wí nìyẹn. Ṣùgbọ́n ó ti tó oṣù mẹ́ta báyìí tí ẹsẹ̀ náà ò jẹ́ kó dé ìsọ̀.

Ìyá rẹ̀, Àtọ́kẹ́, jókòó sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ó di àdó ẹ̀tù mú gírígírí. Ẹ̀tù yẹn, egbòogi jíjó, dúdú kirimu, Ògbómọ̀ṣọ́ ló ti gbé e wá. Òun fúnra rẹ̀ ló ń bù ú sójú egbò láràárọ̀, ọdún kẹta rèé.

Sàúdátù sọ ohun tí Alájì wí. Ó wá ní, "Ilé ìwòsàn là ń lọ nísinsìnyí. Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ sún díẹ̀. Mo fẹ́ wẹ ẹsẹ̀ yẹn kó mọ́."

"Wẹ kí ni?"

"Ẹsẹ̀, mà."

"Kí o wẹ oògùn mi dànù?" Àtọ́kẹ́ ṣí aṣọ kúrò lórí ẹsẹ̀ ọmọ rẹ̀. "Wò ó! Ṣé o fọ́jú ni? Gbogbo dúdú dúdú tí o ń wò yìí, ẹ̀tù mi ni. Ó ti wọlé. Ó ń wá gbòǹgbò àìsàn lọ. Oògùn tó ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́, ìwọ fẹ́ fi ọṣẹ lé e jáde!"

Láti ọrùn ẹsẹ̀ dé ìdajì ojúgun, ara ti hu kókó lórí kókó, ó gbẹ, ó sán, bí olú tó hù sára igi tó ti wó tipẹ́. Láàárín àwọn kókó náà ni àmì dúdú wà, wínníwínní, bí ẹni fi ṣóńṣó abẹ́rẹ́ ta tàdáwà sí i.

"Màmá, bí a bá gbé e lọ báyìí, wọ́n á ní èmi ìyàwó ò mọ ìmọ́tótó."

"Èmi tí mo bí i, mo ní kó má mọ́!"

"Ẹ̀yin èèyàn wọ̀nyí," Sàkàrìyáù ní jẹ́jẹ́, "èmi ṣá ni mo ni ẹsẹ̀."

Àwọn méjèèjì kọjú sí i lẹ́ẹ̀kan náà. "Dákẹ́!" ni ìyá wí. "Ẹ dákẹ́ ná," ni ìyàwó wí. Ó dákẹ́. Adìyẹ bà lókùn, ara ò rokùn, ara ò rọ adìyẹ.

Ẹ̀yìnkùlé ni wọ́n ti wẹ̀ ẹ́, nínú ìwọ̀nba omi tó ṣẹ́kù sínú ike ọ̀dà àti èyí tí Sàúdátù tọ́jú fún ògì tó ń tà. Ó mú ọṣẹ dúdú, ó mú kànìnkànìn, ó ṣán ìró mọ́ àyà. Gbogbo fèrèsé ilé ṣí díẹ̀díẹ̀ bí ojú àwọn tó ń ṣe bí ẹni sùn. Omi dúdú ń ṣàn lọ sínú gọ́tà, Àtọ́kẹ́ sì ń tẹ̀lé e lẹ́gbẹ̀ẹ́ bí ẹní sin òkú. "Oògùn mi o! Ewé tí mo fẹsẹ̀ rìn wá! Ẹ̀tù mi ń lọ sí Abúlé Ẹ̀gbá o!"

Ó wẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kejì, omi tó jáde funfun. Ó wẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kẹta, ènìyàn fẹ́rẹ̀ẹ́ lè mu omi náà. Sàúdátù wá bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀. Ó fi àtàǹpàkò ra ojú ẹsẹ̀ náà. Ó tún un rà.

"Màmá," ó ní, "ẹ wá wò ó."

"Mi ò wá."

"Ẹ̀tù yín ti lọ tán, mà. Ẹ wá bá mi wò ó. Dúdú yìí ò lọ."

Àtọ́kẹ́ wá. Ó wò ó. Àwọn àmì dúdú náà wà níbi tí wọ́n wà, ọ̀kan ò dín. Obìnrin arúgbó náà bẹ̀rẹ̀ sí í họ etí.

Ibẹ̀ ni Abigail bá wọn. Yàrá ìgbẹ̀yìn ló ń gbé. Ilé ìwòsàn ìjọba ló ti ń ṣiṣẹ́, níbi tí wọ́n ti ń fi awò wo ẹ̀jẹ̀ àti ìtọ̀, ó sì ṣẹ̀ṣẹ̀ ń ti iṣẹ́ òru bọ̀. Kì í bá wọn jókòó ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, kì í bá wọn sọ̀rọ̀ ẹni tí kò sí níbẹ̀, nítorí náà wọ́n sọ ọ́ ní Àǹtí Má-fara-kàn-mí. Gbogbo ojú fèrèsé ń retí ìgbà tí yóò fi áńkáṣífù bo imú.

Abigail gbé báàgì sílẹ̀. Ó lóṣòó. Ó fi ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì di ẹsẹ̀ náà mú, láìwọ ìbọ̀wọ́, ó gbé e sórí orúnkún ara rẹ̀.

Yàtọ̀ sí ìyàwó àti ìyá, kò sẹ́ni tó ti fọwọ́ kan ẹsẹ̀ yẹn láti ìgbà pípẹ́. Sàkàrìyáù gbé ojú sókè, ó ń wo páànù.

"Bàbá Fàúsátù, ṣé ó ń dùn yín?"

"Kò dùn mí, Àǹtí. Ó kàn ń yún mi ni. Bó bá bẹ̀rẹ̀, n ò ní mọ ẹni tó ń bá mi sọ̀rọ̀."

"Ẹ dijú."

Ó dijú. Abigail fa ọ̀kan yọ nínú ìgbálẹ̀ tó fara ti ògiri, ó fi ṣóńṣó rẹ̀ gún un láàárín kókó méjì, gbì!

"Yéèè! Wọ́n ti pa mí o!"

Igbe náà dé títì. Àtọ́kẹ́ ti fa orógùn yọ. "Kí lo fi gún ọmọ mi? Àbí wọ́n rán ọ ni?"

Abigail ń rẹ́rìn-ín. Wọn ò rí eyín rẹ̀ rí nílé yẹn. "Màmá, ẹ bá mi dúpẹ́! Ẹ̀tẹ̀ máa ń pa ara kú ni, ara kì í mọ̀ pé nǹkan gún òun. Ẹsẹ̀ yìí mọ̀! Ó mọ̀ dáadáa!"

Sàúdátù di ọwọ́ rẹ̀ mú. "Àǹtí, ẹ jọ̀wọ́, ẹ tún un gún."

"Ẹ má dán an wò!" ni ọkọ rẹ̀ wí, ó sì ti fa ẹsẹ̀ padà.

"Ó tó," Abigail ní. "Èmi kì í ṣe dókítà, ẹnu tèmi nìkan ò sì lè ṣí àgádágodo Alájì. Àmì dúdú yìí ni mo fẹ́ kí wọ́n wò. Ẹ wọṣọ, ká máa lọ."

"Ẹ ò tíì sùn, Àǹtí."

"Ẹni tí ẹ̀gún gún ní í ṣe lákáǹlàkàn tọ alábẹ lọ. Tó bá wá jẹ́ pé alábẹ ló ti sùn ńkọ́? Ẹ jẹ́ ká lọ jàre."

Dókítà tó rí wọn jẹ́ ọkùnrin kan tí irun rẹ̀ ti funfun, tí kì í yára sọ̀rọ̀. Ó fi abẹ rọra ha ibi tó dúdú jù lọ, ó gba ohun tó jábọ́ sórí gíláàsì kékeré, Abigail sì gbé e lọ. Ó wá wo àtẹ́lẹsẹ̀ Sàkàrìyáù.

"Kí ló gún ọ níbí?"

"Pákó, sà."

"Nígbà wo?"

"Ta ló ń ka irú ẹ̀? Bí kò bá gún mi láàárọ̀, á gún mi lọ́sàn-án."

"O ò wọ bàtà ni?"

"Bàtà kì í gbọ́ ohùn pákó, sà."

Dókítà yí ẹsẹ̀ náà sẹ́gbẹ̀ẹ́. "Báwo ló ṣe bẹ̀rẹ̀?"

Sàúdátù ló dáhùn. "Bí ìléròrò kékeré, sà, lókè ọrùn ẹsẹ̀. Kò dùn ún, a ò kà á sí. Nígbà tó yá, ó hu ìpẹ́ bí ara ejò. Ó tún ṣe, ọ̀kan di méjì. Ìgbà tí a fi máa ṣíjú, ó ti hu kókó."

"Bẹ́ẹ̀ ló máa ń ṣe. Kì í sáré. Kì í fi ìrora kanlẹ̀kùn, ìdí nìyẹn tí kò sẹ́ni tó ń dá a lóhùn."

Abigail yọ orí láti yàrá kejì, ó ṣẹ́wọ́ sí Sàúdátù. Ó mú un dé ìdí awò tó ń sọ ohun kékeré di ńlá. "Ẹ fi ojú kan sí i. Ẹ di èkejì."

Sàúdátù wò ó. Ó kọ́kọ́ rí ìmọ́lẹ̀. Lẹ́yìn náà ló rí wọn, róbótó róbótó, wọ́n kó ara jọ, àwọ̀ wọn bí kọ́bọ̀ bàbà ìgbà tí kọ́bọ̀ ṣì ń ra nǹkan, àwọn mìíràn sì là sí awẹ́ awẹ́ bí obì. Ó fò sẹ́yìn.

"Kọ́bọ̀! Àǹtí, mo fi Ọlọ́run bẹ̀ yín, ẹ má sọ ọ́ síta!"

"Kí lẹ ń sọ?"

"Wọ́n ti ń sọ ọ́ láti Ìdímù dé Akọ́wọ́njọ pé ọkọ mi fi ẹsẹ̀ ṣoògùn owó. Èmi ń bá wọn jà. Ẹ wò ó, kọ́bọ̀ ló kún ibẹ̀!"

Abigail fẹ̀yìn ti ògiri, ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. "Ìyá Fàúsátù, bó bá jẹ́ owó ni, ṣé kọ́bọ̀ ló máa jẹ́? Ohun dúdú tó máa ń hù sára àgbàdo tó bá ti bu, ṣé ẹ mọ̀ ọ́n?"

"Mo mọ̀ ọ́n. Dídà ni mò ń da irú àgbàdo bẹ́ẹ̀ nù."

"Ìbátan rẹ̀ lẹ rí yìí. Inú igi tó ń rà àti inú ilẹ̀ ló ń gbé. Pákó gún Bàbá Fàúsátù, òun náà bá a wọlé."

Dókítà tún un sọ fún ọkọ Sàúdátù kó yé e. Ó ní àwọn àmì dúdú yẹn ni ibi tí ara ti ń gbìyànjú láti ti àlejò náà jáde. Sàúdátù ronú kan ẹ̀tù ìyá ọkọ rẹ̀, tí wọ́n ń bù sójú ibẹ̀ láràárọ̀. Ara ń ta dúdú síta, wọ́n ń wọ́n dúdú lé e. Kò sọ ọ́. Ìyá ló ní ọmọ.

"Ṣé á lọ, sà?" Sàkàrìyáù bèèrè. Ohùn rẹ̀ kéré.

"Mi ò ní parọ́ fún ọ. Ó pẹ́ kó tó dé ibi tó dé, á pẹ́ kó tó lọ. O máa lo oògùn oníhóró fún ọ̀pọ̀ oṣù, bóyá ju ọdún kan lọ. A máa gé àwọn kékeré kúrò. Kò fẹ́ràn ooru, nítorí náà ẹ máa fi aṣọ gbígbóná tẹ̀ ẹ́ lójoojúmọ́, kó má bó o. Ṣùgbọ́n mi ò rí ìdí tí ẹsẹ̀ yìí fi máa lọ. Bàtà nìkan ni kò sí àwáwí lórí ẹ̀."

"Ṣé ó máa ń ràn?"

"Láti ara ènìyàn sí ara ènìyàn? Rárá. Ìyàwó rẹ tó ń wẹ̀ ọ́, wo ọwọ́ rẹ̀."

Sàkàrìyáù wo ọwọ́ Sàúdátù. Ó wò ó pẹ́. Kò sí nǹkan kan níbẹ̀ bí kò ṣe àtẹ́lẹwọ́ tí ọlọ àti ọṣẹ ti sọ di líle. Dókítà ti ń kọ ìwé.

Wọ́n ra bàtà ike ní ẹnu géètì ilé ìwòsàn, wọ́n wọ ọkọ̀. Oòrùn ti yẹ̀ díẹ̀ nígbà tí wọ́n dé Ìdímù. Sàúdátù ń dúpẹ́ láti ibùdókọ̀ pé Alásárì ò tíì pé. Wọ́n yà sí ojúlé, ọpẹ́ sì dúró lé e lẹ́nu. Alásárì ò tíì pé, ẹrù ti pé níta.

Bẹ́ẹ̀dì wà níta. Ìkòkò wà níta. Abọ́ ògì ńlá rẹ̀ wà lẹ́bàá gọ́tà. Àwọn tó kó o ti fi ọ̀rá wé ọwọ́ bí ẹni tó fẹ́ bó ìgbín. Lórí fóòmù, láàárín àgbàlá, ni Àtọ́kẹ́ jókòó sí, orógùn ní èjìká.

"Mo ti na méjì!" ó ké sí wọn. "Ẹ̀kẹta sá!"

Alájì jókòó sórí bẹ́ǹṣì pẹ̀lú àwọn ayálégbé. "Ìwé dà?"

Sàúdátù kúnlẹ̀, ó fi ọwọ́ méjèèjì fún un. Alájì gbé dígí wọ̀. Ó wo ìwé náà, ojú rẹ̀ ń lọ láti ọ̀tún sí òsì, láti ọ̀tún sí òsì. Gbogbo ilé mọ̀ pé kéwú nìkan ló kà. Kò sẹ́ni tó wúkọ́. Nígbà tó ti kà á tó bó ṣe wù ú, ó nà án sí Abigail. "Bá wọn kà á sókè, kí àwọn tí kò kàwé gbọ́."

Abigail kà á, ó ń túmọ̀ rẹ̀ bó ti ń lọ. "Ó ní kì í ṣe ẹ̀tẹ̀."

Àwọn ayálégbé ń wo ara wọn.

"Ó ní kì í ràn láti ara ẹnì kan sí ẹlòmíràn."

"Mo ti wí!" Ìyá Ọláyíwọlá fara ti òpó ilẹ̀kùn. "Ẹ jẹ́rìí mi! Ẹnu mi ò pe ẹ̀tẹ̀ rí nílé yìí."

Kò sẹ́ni tó jẹ́rìí.

"Kí wá ni?" Alájì bèèrè.

"Ohun dúdú kan ni, tó ń gbé nínú igi tó bá ti ń rà. Ibi tí igi ti gún un ló gbà wọlé."

"Igi?"

"Igi, sà."

Alájì wo bẹ́ǹṣì tó jókòó lé. Ó rọra dìde. Ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ dìde. Kí á tó ṣẹ́jú, bẹ́ǹṣì ti ṣófo. Ìyá Ọláyíwọlá fò kúrò lára òpó bí ẹni tí iná jó. Láàárọ̀, wọ́n ń sá fún ọkùnrin tó ń ta igi. Nísinsìnyí, igi ni wọ́n ń sá fún, wọ́n sì sá lọ sí ẹ̀yìn ọkùnrin náà.

"Ẹ jókòó o!" Abigail ń pariwo. "Kì í fò mọ́ èèyàn! Ẹ kàn máa wọ bàtà!" Ta ló ń gbọ́?

Ìgbà náà ni ìpè ìrun Alásárì dún láti mọ́sáláṣí ìsàlẹ̀. Alájì mú búùtà rẹ̀. Ó mì ín. Ó ti gbẹ.

"Ẹ ṣí kànga," ó ní. Ó ki ọwọ́ bọ àpò ọ̀tún. Ó ki ọwọ́ bọ àpò òsì. Ó bọ́ fìlà, ó yẹ inú rẹ̀ wò. Ó gbọn jalabíà. Kọ́kọ́rọ́ ò sí. Ó wá hàn pé gbogbo ilé ò tíì rí omi mu láti ọ̀sán, tí Alájì sì ń sọ fún wọn pé kí wọ́n ní sùúrù.

"Ẹ já ìdérí," ẹnì kan ní.

"Ìdérí onípákó? Ìwọ lọ já a."

Kò sẹ́ni tó lọ. Ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, gbogbo ojú yí sọ́dọ̀ Sàkàrìyáù, tó dúró láàárín ẹrù ara rẹ̀ tí wọ́n kó síta.

Fún ìgbà àkọ́kọ́ lọ́jọ́ náà, ọpẹ́ gbẹ lẹ́nu Sàúdátù. Ó fẹ́ kí ọkọ òun sọ pé rárá. Ó fẹ́ kó jókòó ti ìyá rẹ̀ lórí fóòmù, kí òùngbẹ kọ́ wọn lọ́gbọ́n. Ó wo ojú rẹ̀.

"Ìyá Fàúsátù," Sàkàrìyáù ní, "bá mi wá òòlù nínú ẹrù."

Sàúdátù dúró. Lẹ́yìn náà ó wá òòlù, ó rí i nínú agbọ̀n lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Ó gbé e fún un, ó sì gbé bàtà ike kalẹ̀ níwájú rẹ̀. "Bàtà ná."

Ó wọ̀ ọ́. Ó gbé ẹsẹ̀ méjì. "Mi ò gbọ́ nǹkan kan mọ́ lábẹ́ mi."

"Ẹ fi etí gbọ́ ọ. Ọlọ́run fún yín ní méjì."

Ó tiro dé ìdí kànga. Ó gbá ìdérí jẹ́jẹ́ pẹ̀lú òòlù, ó dẹ etí sí i, ó gbá apá kejì. "Igi yìí ò tíì rà," ó ní. "Ó máa pẹ́ jù yín lọ, Alájì." Ó wá fi ẹ̀yìn òòlù yọ irin méjì tó so ìdérí mọ́ férémù lẹ́yìn, níbi tí òun fúnra rẹ̀ ti kàn wọ́n mọ́, ó sì yí ìdérí sẹ́gbẹ̀ẹ́. Àgádágodo ṣì wà ní títì, kànga ti ṣí.

Ó fa omi àkọ́kọ́. Ó dà á sínú búùtà Alájì.

"Bàbá Fàúsátù," Alájì bẹ̀rẹ̀.

"Ẹ ṣe àlùwàlá, Alájì. Ìrun ń lọ."

Wọ́n to ìlà ìrun sójú àgbàlá. Sàkàrìyáù fẹ́ wọlé lọ kírun ní yàrá rẹ̀ bó ti máa ń ṣe láti ìgbà tí ẹsẹ̀ ti ń wú, ó sì rántí pé yàrá ti ṣófo. Alájì bojú wẹ̀yìn. Ó sún sí apá kan, ó fi àyè tó fẹ̀ tó ènìyàn kan sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara rẹ̀.

"Sàáfù ò gbọdọ̀ là," ó ní. "Wá dí i."

Wọ́n fẹsẹ̀ kan ẹsẹ̀.

Nígbà tí ìrun parí, ẹrù wọlé. Àwọn ọwọ́ tó gbé e jáde náà ló gbé e wọlé, láìsí ọ̀rá. "Èmi kọ́ ni mo gbé e jáde o," Ìyá Ọláyíwọlá ní, ìkòkò lórí rẹ̀, "ṣùgbọ́n èmi ni mò ń gbé e wọlé, kí gbogbo yín rí i." Bó ṣe sọ ìkòkò kalẹ̀, ó ní kí Sàúdátù wọn ògì fún òun. Ó ti tó ọ̀sẹ̀ mélòó kan tí ẹnikẹ́ni nílé yẹn ti ra ògì rẹ̀ gbẹ̀yìn. Ẹlòmíràn tò lẹ́yìn rẹ̀, ẹlòmíràn tún tò. Abigail nìkan ni kò tò. Ó ti sùn lọ lórí bẹ́ǹṣì tí gbogbo wọn ń sá fún, ẹnu rẹ̀ là sílẹ̀, kò sì sẹ́ni tó bínú pé kò kí wọn.

Àtọ́kẹ́ ń yá aṣọ lórí sítóòfù, ó ń tẹ̀ ẹ́ mọ́ ẹsẹ̀ ọmọ rẹ̀ bí dókítà ti wí. Àdó ẹ̀tù ti wọ abẹ́ bẹ́ẹ̀dì. "Kì í ṣe pé ẹ̀tù mi ò dáa," ó ń ráhùn fún ara rẹ̀. "Ooru ló kù tí mi ò fi sí i." Kò sẹ́ni tó jà á níyàn. Ó gbójú sókè. "Sàúdátù, ẹ̀kọ gbígbóná tèmi ńkọ́?"

Ògì díẹ̀ ló kù nísàlẹ̀ abọ́. Sàúdátù da omi orí rẹ̀ nù, ó ki ọwọ́ bọ̀ ọ́, ọwọ́ rẹ̀ sì kan nǹkan líle. Ó fà á jáde. Kọ́kọ́rọ́ ni, tuntun, ó bá àgádágodo ẹnu kànga mu.

Ó wo abọ́ náà. Abọ́ ńlá, tí kò ṣeé gbé láìbẹ̀rẹ̀, àpò àyà jalabíà Alájì sì rọrùn láti da nǹkan sílẹ̀ bó bá bẹ̀rẹ̀. Lẹ́yìn náà ó fọ kọ́kọ́rọ́ náà mọ́, ó ro ògì tó kù ní ẹ̀kọ, ó bù ú sínú abọ́ tó dára jù nílé, ó fi kọ́kọ́rọ́ lé orí ìdérí abọ́, ó gbé e lọ sí ẹnu ọ̀nà Alájì. Ó kúnlẹ̀. Ó gbé e kalẹ̀. Alájì wo kọ́kọ́rọ́ náà, ó fi ọwọ́ kan àpò àyà rẹ̀.

"Ẹ̀kọ mi dà?" Àtọ́kẹ́ bèèrè nígbà tó padà.

"Ó ti tán, Màmá."

"Ilé ológì, ògì tán?"

"Ó tán, mà," Sàúdátù ní, ó sì ń rẹ́rìn-ín. "Alihamdulilahi, ó tán pátápátá."

Wọ́n jókòó, wọ́n ń gbọ́ bí omi ṣe ń dún nínú kànga. Yàrá Alájì dákẹ́ jẹ́ẹ́. Ó pẹ́ gan-an kí wọ́n tó gbọ́ ìró síbí tó ń kan abọ́ ẹ̀kọ.